Kálípà Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Fọwọ́bà

Ilé iṣẹ́ wa,
Ìdí tábìlì tí a ti ń ha irin,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Fọwọ́bà,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀, mo sì kí gbogbo ilé tí o wà nínú rẹ̀. Ṣé dáadáa ni o ń jí? Ṣé o ń jẹun kánú, àbí o ṣì ń fi ṣíbí ti oúnjẹ síwá sẹ́yìn bí ọmọ tí inú ń bí? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Ní tèmi, ara le, mo dúpẹ́, àfi orúnkún òsì yìí tó máa ń sọ fún mi ṣáájú ẹnikẹ́ni pé òjò ń bọ̀.

Ọmọ mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí bàbá rẹ létí, mo kí ìwọ náà. Jọ̀ọ́, rọra kà á, má sì fo ibì kankan, kódà bí bàbá rẹ bá ní kí o fò ó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Tó bá ti gbọ́ ohun tí kò bá a lára mu, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Fún un lómi náà, kí o sì máa kà á nìṣó. Obìnrin tó mú lẹ́tà àti àpò yìí wá ńkọ́? Ẹ fún un níjòókòó, ẹ má sì jẹ́ kó lọ títí o ó fi kà á tán. Àpò náà wúwo, mo mọ̀. Ẹ má tíì tú u.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán ọmọ rẹ sí mi lórí fóònù. Ó ní o ní kí n fún ẹlòmíràn ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ nínú ilé iṣẹ́ wa, kí n má fi àyè ṣòfò, pé ojú rẹ ti parí iṣẹ́, ìwọ náà sì ti parí iṣẹ́. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́. Mo ní kó gbé fóònù fún ọ, ó ní o ń sùn. Lọ́sàn-án gangan! Ìwọ tí n kò rí kí o sùn lọ́sàn-án rí láti ìgbà èwe wa! Mo mọ̀ pé o jókòó tì í níbẹ̀, o ń juwọ́ sí i pé kó má gbé e fún ọ. N kò bínú. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi fóònù dáhùn, ìdí nìyí tí mo fi gbé bírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibí ṣe rí fún ọ. Ọ̀rá tí a ta sáàárín ilé iṣẹ́, tó pààlà sáàárín ẹ̀gbẹ́ tèmi tí eruku wà àti ẹ̀gbẹ́ tìrẹ tí eruku kò gbọdọ̀ dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Àmì ìka rẹ ní oríṣiríṣi àwọ̀ ṣì wà létí rẹ̀, níbi tí o ti máa ń gbá a mú tí o bá fẹ́ wọlé. Mo ń gbálẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tìrẹ láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó dọ̀tí síbẹ̀. Mo ti gbé àga rẹ ti ògiri, torí bí mo bá fi í sílẹ̀ sí àyè rẹ̀, ojú mi á máa lọ síbẹ̀ ṣáá. Rédíò ń sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mò ń dá a lóhùn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ṣì ń gé e sí méjì fún mi láìbéèrè, bó ṣe máa ń gé e fún wa. N kò tíì sọ fún un pé kó má gé e mọ́. Mo máa ń jẹ ìdajì tèmi, ìdajì kejì á wà nínú bébà rẹ̀ títí yóò fi le.

Níjọ́ kan, mo ha irin kan tán, mo nà án gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, mo ní, "Gbà." Mo sì dúró. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí kí n tó rántí. Mo gbé irin náà padà sórí tábìlì, mo jókòó, mo sunkún. Kí ọmọ rẹ kà á fún ọ bẹ́ẹ̀, kò tì mí lójú. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí àwọn ọmọ mi náà sì ti wá ibi tiwọn gbà lọ, ilé iṣẹ́ yìí nìkan ni ibi tí mo ti ń bá ènìyàn nílé. Ní báyìí, mo ń ti ilé tó ṣófo bọ̀ lówùúrọ̀, mo ń padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ibi tí mo wà láàárín méjèèjì náà ṣófo. Àdádó ni mo wà, ọ̀rẹ́ mi. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é.

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kó o máa rò ó pé kí ló dé tí àgbàlagbà ń sunkún nítorí irin. Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún ọ, torí mo mọ̀ pé bàbá rẹ kì í ṣàlàyé nǹkan kan. Lẹ́yìn táyà ọkọ̀, irin kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ bí ọwọ́ tó fẹ́ di nǹkan mú. Òun ni kálípà. Tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òun ló máa ń fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀ tí ọkọ̀ fi ń dúró. Inú ẹrẹ̀ àti òjò ló ń gbé, kò sì pẹ́ tó fi ń dípẹtà. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká bọ́ ìpẹtà yẹn kúrò, ká mú irin náà dán, ká sì fi ọ̀dà tí ooru bíréèkì kò lè bó kùn ún. Èmi ni mo ń ha á, bàbá rẹ ló ń kùn ún. Ẹni tó bá ha irin kò gbọdọ̀ kùn ún: òfin tí ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ fi lélẹ̀ nìyẹn. Ó ní bí ọ̀bẹ ti lè mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tó ti ń bá irin kan jìjàkadì láti àárọ̀, ohun tó ń fẹ́ ò ju kó ti dán lọ, ojú rẹ̀ á sì bá a parọ́ pé ó ti dán.

Nítorí náà, irin kankan kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀rá àfi tí bàbá rẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Á mú áńkáṣífù funfun kan tó fẹ́lẹ́, á tẹ́ ẹ sórí irin, á dijú, á wá máa fi ìka rìn lórí aṣọ náà. Ó ní aṣọ máa ń tètè mọ ibi tó ṣe gbágungbàgun ju awọ ara lọ. Ibi tí áńkáṣífù bá ti kọ́ díẹ̀ báyìí, á fi ìka mọ́ ọn, á ní, "Kò tíì dán," á sì dá a padà fún mi. Ó máa ń dá a padà ṣáá ni. Ìgbà kan wà tí a bára wa jà, tí a ò sì kíra wa fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ bí a bá ń jà, bíi ti ká kú kọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, irin ń kọjá lábẹ́ ọ̀rá, gbólóhùn kan ṣoṣo tó sì ń jáde lẹ́nu bàbá rẹ ni, "Kò tíì dán." Àwọn oníbàárà gbọ́ ọ títí wọ́n fi sọ mí ní Kòtíìdán, wọ́n sì sọ òun ní Fọwọ́bà. Bí a ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Fọwọ́bà, ìròyìn tó wà nílẹ̀ gan-an rèé. Ìyá Onímọ́tò ti padà wá. Ọmọ mi, fún bàbá rẹ lómi.

Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Òun lobìnrin tó ń fi ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kó ọmọ lọ sí ilé ìwé, tó ní ká bá òun kun kálípà iwájú ní búlúù, tí o sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ìwọ gan-an lo pè é pé kó wá wo bó ṣe rẹwà. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Bàbá, àwọ̀ ewé mà rèé." Mo rí ojú rẹ nígbà náà, n kò lè gbàgbé rẹ̀. O fọ ọwọ́, o bọ́ aṣọ iṣẹ́, o gbé e kọ́, o wá sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó ti pẹ́ tí búlúù àti ewé ti di ọ̀kan náà lójú rẹ. Kò pẹ́ sí i tí ọmọ rẹ fi wá mú ọ lọ. Mo gbọ́ pé ní báyìí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló kù tí o ń rí. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí pé n kò sí níbẹ̀ láti sọ ohun tó ń kọjá lóde fún ọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni obìnrin náà yọ, ó gbé kálípà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sínú garawa. Mẹkáníìkì òdìkejì títì ló bá a tú wọn. Mo rò pé ó wá bá wa fa ọ̀rọ̀ àná ni, mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ̀yìn bá iwájú mu. Àwọ̀ ewé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bá mi fi kùn ún o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yàtọ̀." Mo ní, "Ìyá Onímọ́tò, ṣé kì í ṣe búlúù lo ń fẹ́ ni?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ tóun ń kó ti sọ ọkọ̀ òun ní Ẹlẹ́sẹ̀ Ewé. Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń fi igbe ta kí wọ́n tó gbé e wọkọ̀ láràárọ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ sáré jáde báyìí, á ní òun fẹ́ kí ẹsẹ̀ ewé ná kóun tó wọlé.

Ó mú mi sọdá títì lọ síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, ó ní kí n wo ti iwájú. Mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi pariwo. Gbogbo ẹrẹ̀ ìgbà òjò ló ti gba orí kálípà náà kọjá. Mo da omi sí i, mo fi aṣọ nù ún, mo sì fi èékánná ha á níbi tí ọ̀dà ti máa ń kọ́kọ́ bó. Kò bó. Kò là, kò wú, ó ń dán bí ìgbà tí o gbé e sílẹ̀. Àwọ̀ ló ṣì ọ́, Fọwọ́bà. Ọwọ́ kò ṣì ọ́. Ohun tí o tìtorí rẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ ni àwọn ọmọdé ń sáré kí láràárọ̀, ìwọ sì jókòó sínú ilé, o ń rò pé o ti ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ti ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bọ́ gírísì ara rẹ̀, torí bí o ti máa ń wí, ẹni tó bá ha irin tó ní gírísì, gírísì náà ló ń hà wọ inú irin. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ìpẹtà títí eruku pupa fi bo irùngbọ̀n mi. O rántí ìlà tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálípà, níbi tí wọ́n ti da irin rẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n rọ ọ́. Mo fi fáìlì tó ń jẹ irin rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà kan náà ni mo ń rẹ́ ẹ sí, kí n má bàa gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni émérì, bébà oníyanrìn, èyí tó le ṣíwájú, èyí tó kúnná tẹ̀ lé e. Níbi kọ̀rọ̀ tí ìka kò lè wọ̀, mo wé émérì mọ́ igi tín-ín-rín. Mo fi téèpù di ojú ihò tí rọ́bà àti písítìnì wà pinpin, torí ibẹ̀ ni bíréèkì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló sì wà níbẹ̀. Mo rọ tínà tí a fi ń po ọ̀dà sí aṣọ tó mọ́, mo fi nù ún, n kò sì jẹ́ kí ọwọ́ lásán kàn án mọ́.

Ó wá ku kí n nawọ́ rẹ̀ sí ọ. Mo bo aṣọ lé e lórí tábìlì, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ ilé. Òjò rọ̀. Nígbà tí mo fi máa ṣí aṣọ lówùúrọ̀, ìpẹtà ti yọ wínníwínní lára rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, irin tó wà níhòòhò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo tún un hà. N kò kùn ún, n kò sì rí ẹni tó máa sọ fún mi pé ó tó kùn. Ilẹ̀ tún mọ́, ìpẹtà tún dé, mo tún un hà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é, bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n omi. Mẹkáníìkì òdìkejì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Kòtíìdán, ṣé ẹ fẹ́ ha á títí yóò fi di abẹ́rẹ́ ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo wo irin náà, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní kí n gbìyànjú rẹ̀ bíi tìẹ. Áńkáṣífù rẹ ṣì wà lórí ìṣó tí o fi í kọ́ sí. Mo tẹ́ ẹ, mo dijú, mo fi ìka rìn. Ṣùgbọ́n ìka tèmi ti mọ ọ̀nà. Ó mọ gbogbo ibi tó ti jìyà, ó sì ń yà fún ibẹ̀ bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo lajú, mo ká áńkáṣífù, mo dá a padà sórí ìṣó.

Àkókò yẹn ni géńdé kan wá bá mi. Pẹ́ńtà ni, ó ti níyàwó nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣófo lọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ gbà á. Mo ní kó bá mi yẹ kálípà náà wò ná. Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ó ti dán. Ó tiẹ̀ ti dán ju bó ṣe yẹ lọ." Ó yẹ kínú mi dùn, àbí? Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo gbé irin síwájú ènìyàn tó gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí wọra. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé kò sí ẹni tó máa bá mi wí mọ́ títí n ó fi kú.

Ó fẹ́ jókòó, ló bá fa àga rẹ kúrò lára ògiri. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Òun náà rí i lójú mi, ó dìde. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi láyè kí n kọ̀wé sí ẹnì kan ná. Ó béèrè pé ta ni. Mo ní ẹni tó ni àga ni.

Ibi tí mo ti ń gbé àga náà padà ni ọ̀rọ̀ kan ti là yé mi, mo sì dúró gbagidi pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Fọwọ́bà, ní gbogbo ìgbà tí ojú rẹ fi mọ́ kedere, ìgbà wo lo lajú yẹ irin wò rí? Dídì lo máa ń dì í! Àwọn oníbàárà máa ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé ò ń gbàdúrà sí bíréèkì. Kódà ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí o ti ń fọgbọ́n bi mí pé, "Àwọ̀ wo lo gbé lé mi lọ́wọ́ yìí?" bí ẹni ń ṣàwàdà, o ṣì dá kálípà kan padà fún mi nítorí ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo wá a títí, àfìgbà tí mo wọ gíláàsì kí n tó rí i. Ta ló wá sọ fún ọ pé o ti parí? Ojú ló parí. Ohun tí mo nílò lára rẹ kò sí lójú rẹ rí.

Nítorí náà, èsì mi sí iṣẹ́ tí o rán nìyí. N ó gba géńdé náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà, torí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa lọ. Kò kúkú ní ṣi búlúù mú fún ewé. Ṣùgbọ́n àga rẹ, n kò fún un. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá ni mo fẹ́ gbé e sí, ní ojú ààlà gan-an, kí irin kankan má kọjá sí òdìkejì láìgba ọwọ́ rẹ kọjá. Mo ti sọ fún un, ó gbà. Ó ní ṣé bàbá yẹn le ni? Mo ní á rí i.

Ọmọ mi, má jẹ̀ẹ́ kí àyà rẹ já. N kò fẹ́ gba bàbá rẹ lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé tinútinú lo fi ń tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ. Ṣùgbọ́n bi í léèrè bóyá ó ń gbádùn kó jókòó láti àárọ̀ kí wọ́n máa gbé nǹkan fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá kan ṣófo nílé mi. Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ dé ilé iṣẹ́ tẹ́jú, mo sì ti dí kòtò ẹnu ọ̀nà tó máa ń kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Kó máa wá lo ọjọ́ díẹ̀ lóṣooṣù, kó sì máa padà sọ́dọ̀ rẹ. Tí kò bá lè wá, irin á máa wá bá a.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé orí àpò. Ẹ lè tú u wàyí. Ọ̀kan nínú kálípà ẹ̀yìn náà ló wà níbẹ̀. Epo tí mo pa sí i lára wà fún kí ìpẹtà má bàa bá a rìnrìn àjò. Ọmọ mi, fi aṣọ gbígbẹ nu epo yẹn tán pátápátá, kí o gbé irin náà lé bàbá rẹ nítan, kí o sì tẹ́ áńkáṣífù lé e. Ẹfun ìkọ̀wé kan wà nísàlẹ̀ àpò. Ibi tó bá ti fi ìka mọ́ ọn, ni kí o fi ẹfun sàmì sí. Má bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣe é lọ́wọ́, kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ẹni tó gbé àpò wá. Fọwọ́bà, ìwọ kò rí i, ọmọ rẹ kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ìyá Onímọ́tò ló jókòó síwájú rẹ yẹn. Èmi ni mo ní kó má sọ, torí mo mọ̀ pé o kò ní jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí lójú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìdí tí o fi lọ fún un, ó la ẹnu, kò lè pa á dé. Kò mọ̀ rárá pé gbólóhùn kan tóun sọ ló lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́. Ilé ìwé wà nínú ìsinmi, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lórí òkúta lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní òun á fẹsẹ̀ ara òun wá sọ ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Ewé fún ọ. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó máa bọ̀.

Kí Ọlọ́run tó fún ọ lọ́wọ́ má gba agbára rẹ̀. Kí ilé tí o wà tù ọ́ lára, kí ọmọ rẹ má ṣe àárẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ dàgbà lójú gbogbo wa. Kí òjò tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, kí a ti jọ jókòó sábẹ́ òrùlé kan, kí n máa gbọ́ ikọ́ rẹ láti ẹ̀yìn ọ̀rá. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àti ẹnìkejì rẹ lẹ́nu iṣẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ eruku,

Kòtíìdán.

Mo tún rántí o: Áńkáṣífù rẹ wà nínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí epo má bàa kàn án. N kò fọ̀ ọ́. Tí o bá sì ti fọwọ́ bà á tán, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí o ní kí ọmọ rẹ kọ sí mi, má bá mi ṣàánú. Láti ìgbà tí o ti lọ, gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé ó ti dán.